Àdúgbò Tí Kì Í Fi Omi Ṣòfò

[Fóònù ń dún. Ariwo èèyàn nínú gbọ̀ngàn.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè sọ ọ́, Mínísítà ti jókòó, ọ̀rọ̀ mítà omi yìí ló kàn, èmi ni mo sì máa ṣàlàyé ẹ̀ —

BỌ̀Ọ̀DÁ: Káàárọ̀. Ọkọ ẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Dáadáa ni wọ́n wà. Bọ̀ọ̀dá —

BỌ̀Ọ̀DÁ: Àdúgbò Màmá ni mo wà. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yìn kẹ̀? Kí ni wọ́n gbé?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Omi.

ÀBÚRÒ: Omi wo? Ẹ̀rọ wà nínú ilé. Ẹ̀yin náà lẹ fi mítà sí i.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ó ń já, àmọ́ mò ń gbọ́.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ogójì ilé ni mo fi mítà sí fún test yín, àbí?

ÀBÚRÒ: Ogójì. Oṣù mẹ́ta, òdo, òdo, òdo ni gbogbo mítà ń kà. Consultant kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ìwà wọn ló yí padà, wọn ò fi omi ṣòfò mọ́. Òun ni Mínísítà kà tó fi ní ká gbé e dé gbogbo orílẹ̀-èdè.

BỌ̀Ọ̀DÁ: O mọ̀ pé kéèyàn tó fi mítà sí i, á kọ́kọ́ ti fáàfù ńlá tó wà lórí títì, èyí tí omi ń gbà wọ àdúgbò.

ÀBÚRÒ: Ẹn-ẹ́n. Tó bá parí, á ṣí i padà.



ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Òjò ló dé lọ́jọ́ náà. Mo ní mò ń bọ̀ wá ṣí i, mo bá gbàgbé.

ÀBÚRÒ: Kò wá sẹ́ni tó pariwo?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Pariwo kí ni? Ó ti mọ́ wọn lára. Màmá ní ìjọba ló tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé garawa, ó di ìdí kànga. Wọ́n tiẹ̀ ń bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n ní sùúrù, ọmọ àwọn wà ní iléeṣẹ́ omi. Ìdí fáàfù yẹn ni mo wà báyìí, mo ti mú sípánà dání.

ÀBÚRÒ: Ẹ má tíì ṣí i. Screen ńlá wà lára ògiri níbí, mítà yẹn ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i. Tó bá yí pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná. Wákàtí kan péré.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Màmá ló ń bọ̀ yìí. Sọ fún wọn fúnra ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ má fún wọn ní —

MÀMÁ: Ọmọ mi.

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀ mà.

MÀMÁ: Garawa kẹta rèé láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n lọ pọn ẹ̀kẹrin ni, àbí kí n dúró?

[Ẹnì kan ń wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn.]

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró, Màmá. Ẹ gbé fóònù fún Bọ̀ọ̀dá. … Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí i.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Iṣẹ́ ẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣí i kí n tó yí ọkàn padà.

[Irin ń dún. Omi ń hó.]

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ó ti dé o. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ látọjọ́ yìí ló ń ya yàà. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń wò ó. Nọ́ńbà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mínísítà ti dìde.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kí ni wọ́n ní?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní — ẹ dúró — wọ́n ní ká wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fi omi ṣòfò. Wọ́n ní mítà kan ò tó, méjì méjì ni ká fi sí ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ta ló máa wá fi wọ́n sí i?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ẹni tó ṣe ti àdúgbò yẹn mọṣẹ́ — Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe gbogbo orílẹ̀ —

[Ìpè já.]