Ọ̀nà Tí Tìámíyù Kọ́lé Lé

Bìsìmílà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ kí á tó dé, tí yóò sì tún gbà á padà lọ́wọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọ̀là Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń sùn láìfòyà. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lábẹ́ àtíbàbà lọ́wọ́ òsì, àsàlámù aléékùm. Ẹ̀yin bàbá wa lọ́wọ́ ọ̀tún, àsàlámù aléékùm. Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Jésù tẹ́ ẹ bá onílé yọ̀, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tòní kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀, gbogbo wa la ní aládùúgbò.

Ìṣílé la wá ṣe. Onílé wa, Ọlọ́hun á jẹ́ kó tù ọ́ lára o. Mo ti wo ilé yìí yíká kí n tó jókòó, ó dára gan-an. Àmọ́ kì í ṣe yàrá àlejò ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ògiri ni mo lọ wò, níbi tí ilẹ̀ tìrẹ parí sí tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, torí ẹkún ló wà níwájú.

Ẹ̀kọ́ kan péré ni mo gbé wá. Kí ẹ tó ta okùn ìpìlẹ̀, ẹ bá ẹni tí ẹ jọ pààlà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀ ẹ́, ẹ tọrọ àforíjì nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàrin ìwọ àti Ọlọ́hun, o lè ṣe túúbá rẹ̀ lórí ẹní ìkírun rẹ, Aláàánú ni. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ńkọ́? Ọwọ́ ọmọnìyàn náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tìámíyù. Mi ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, torí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ìjà. Páànù àti ìṣó ló ń tà. Kì í ṣe èèyàn búburú o. Ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ó ń yọ sàká. Ká ní olè paraku ni, ìtàn rẹ̀ ì bá má kan èmi àti ẹ̀yin.

Òun àti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Sàdíkù ni wọ́n jọ ra ilẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ bàbá onílẹ̀ kan. Sàdíkù ló dàgbà jù, "Ẹ̀gbọ́n" ni Tìámíyù máa ń pè é. Ilẹ̀ kan kọjú sí títì, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò gba iwájú? Ojú ń ti Tìámíyù láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Sàdíkù ló bá a sọ ọ́.

"Tìámíyù, ìwọ lò ń ta páànù, oníbàárà gbọ́dọ̀ máa rí ọ láti títì. Gba iwájú. Èmi tí mò ń ránṣọ, ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ mi á wá mi dé ẹ̀yìn."

Ẹ̀yin èèyàn, ilẹ̀ ojú títì ló fi sílẹ̀ yẹn o! Àbúrò yín tí ẹ jọ mu ọmú kan náà, ṣé ẹ lè fi sílẹ̀ fún un?

Bàbá onílẹ̀ wá ní dandan ni kí wọ́n yọ ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ iwájú, kí ará ẹ̀yìn lè máa rí títì. Arúgbó náà kò mú téèpù dání. Ó ní kí géńdé mẹ́rin gbé àkàsọ̀ kan lé èjìká, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kí wọ́n máa rìn bọ̀. Ibi tí apá wọn dé lọ́tùn-ún àti lósì ló ní kí wọ́n gbin pòrègún sí. Ẹ̀yin àgbà mọ pòrègún, igi tí àwọn baba wa fi ń sàmì ààlà, tó jẹ́ pé bí o gé e lónìí, yóò tún rú lọ́la.

"Báyìí ni bàbá mi ṣe ń wọn ọ̀nà," bàbá náà wí. "Ọ̀nà ilé gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó sì gba ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́."

Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Sàdíkù kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràfátù, kó wọ̀ ọ́. Tìámíyù ń kọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Gbogbo ọdún Iléyá, Sàdíkù ló ń rán aṣọ àwọn ọmọ Tìámíyù, kì í gba nǹkan kan. Ó ní ọmọ òun ni wọ́n.

Nígbà tí ilé Tìámíyù dé ibi tí wọn ń pín yàrá, ó rí i pé àyè kò tó fún yàrá tí òun nìkan yóò máa sùn. Ó yíjú, ó rí ọ̀nà. Ó wò ó títí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Sífáwù, pé, "Ọ̀nà tó gbòòrò tó báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ gbé gbà á? Ṣé rélùwéè fẹ́ kọjá ni?"

Sífáwù ní, "Bàbá Àwáwù, kì í ṣe tiwa o. Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n dé, kí ẹ bi wọ́n."

Sàdíkù ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Ṣakí. Tìámíyù kò dúró dè é. Ó pe bíríkìlà, wọ́n ta okùn. Bíríkìlà wo ilẹ̀, ó yọ fìlà, ó họrí.

"Àlàájì, okùn yìí ti kọjá pòrègún. Ṣé ẹ ti bá Bàbá Ràfátù sọ ọ́?"

"A ti sọ ọ́."

Irọ́! Ta ló bá sọ ọ́? Afẹ́fẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí yìí, torí mo rí ẹni tó ní ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ láàrin yín. Ọ̀gbẹ́ni, má ta okùn nígbà tí aládùúgbò rẹ bá rìnrìn àjò. Dúró dè é, kí òun náà di ìdí okùn mú. Yọ àyè sílẹ̀ kí omi òrùlé rẹ máa dà sórí ilẹ̀ tìrẹ, kó má máa fọ ògiri aládùúgbò rẹ. Má gbẹ́ ṣaláńgà súnmọ́ kànga ẹlòmíràn, ṣé ìwọ á mu ún? Bí bíríkìlà bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè, má fi irọ́ dá a lóhùn, torí orí irọ́ náà ni yóò to búlọ́ọ̀kù lé. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà.

Nígbà tí Sàdíkù fi máa dé, ògiri ti dé ojú fèrèsé. Wọ́n ti gé pòrègún sọnù. Ohun tó kù láàrin ògiri tuntun àti ọgbà ẹlòmíràn kò ju ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà. Sàdíkù gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Tìámíyù, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Tìámíyù. Bí ẹ̀rù bá sì ba ẹni tó jẹ̀bi, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ṣáà wà níbẹ̀. Àbí ẹ ti wá sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Sàdíkù kò rẹ́rìn-ín, kò sì jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ṣì ń kí ara wọn, wọ́n ṣì ń tò sórí sáfù kan náà nínú mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá dé, àwọn ọmọ Tìámíyù gba ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lọ.

Yàrá náà parí. Ó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sẹ́yìn fún atẹ́gùn, ọ̀kan síwájú sí títì. Ibẹ̀ ni Tìámíyù ń sùn. Ní gbogbo Àsùbáà, bí Sàdíkù bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, Tìámíyù máa ń gbọ́ bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe ń ha ògiri, ṣá, ṣá, ṣá, láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrá dé òpin. Ó máa ń fa aṣọ borí. Ó fẹ́ràn yàrá yẹn kí ó tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn tó kọ́ ọ tán, kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n," Sífáwù ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Màá lọ."

Ṣé ó lọ? Ojú ń tì í. Kò sì sí ohun tó ń pa ọmọ Ádámọ̀ tó ìtìjú tó wá lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kí ló dé tí ojú kì í tì wá ṣáájú?

Ọdún ń yí. Àìsàn dé sára Sàdíkù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dìde mọ́. Ìró ẹ̀wù lára ògiri dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ dúró ní títì, wọn kò rí ibi gbé e gbà. Géńdé kan pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, orí Sàdíkù ń gbá ọgbà. Tìámíyù ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí wọ́n dá Sàdíkù padà sílé, Tìámíyù múra, ó lọ kí i. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ yín níyà, mo fi yín ṣẹ̀sín, ẹ forí jì mí, màá wó o." Ó wọlé. Ó bá àwọn méjì tó wá kí i níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà."

"Àmín, Tìámíyù."

Sàdíkù tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n wá kí yín ni."

Ó jáde. Ó ní tó bá di lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí àlejò kò ní sí níbẹ̀, òun yóò padà wá. Jímọ̀ náà dé, ó bá Sàdíkù lórí ẹní ìkẹyìn. Ààrọ̀ ọjọ́ náà ló jáde láyé. Ìnnà lílláì.

Wọ́n wẹ òkú, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e sórí pákó tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú. Géńdé mẹ́rin gbé e lé èjìká, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Kò gbà wọ́n. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Ẹnì kan ní bóyá kí wọ́n gbé e nàró. Lèmọ́mù bínú, ó ní, "Ẹ ó gbé Mùsùlùmí nàró bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Tìámíyù. Àgbà kan rọra sọ̀rọ̀: "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn yàrá yín."

Ẹ̀yin ìyá mi, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó ti ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n gbé Sàdíkù gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, wọ́n ń ṣe "Láìláà ilálá," wọ́n gba ibi tí Tìámíyù ń gbé orí lé sùn kọjá, wọ́n sì jáde ní ilẹ̀kùn iwájú sí títì. Ojú ọ̀nà àtijọ́ gan-an ni. Sàdíkù gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá, láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Níbi ìrun jánásà, lèmọ́mù béèrè bí a ti ń béèrè pé, ṣé òkú yìí jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè? Gbogbo èèyàn ní kò jẹ wọ́n. Tìámíyù ń retí kí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ òkú. Wọn kò béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òòlù, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wó yàrá náà lulẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Bí ó ti ń kó búlọ́ọ̀kù kúrò, Ìyá Ràfátù jáde nínú aṣọ opó, ó dúró ń wò ó. Tìámíyù kúnlẹ̀ sínú eruku, àgbà ọkùnrin tó nírùngbọ̀n funfun.

"Ìyá Ràfátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣé Ẹ̀gbọ́n forí jì mí?"

Obìnrin náà ní:

"Àlàájì, mi ò mọ̀. Wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún mi rí. Èmi ti forí jì yín ní tèmi, ṣùgbọ́n ti wọn, mi ò lè bá wọn sọ ọ́." Ó nu ojú. "Lọ́jọ́ tí ẹ wá kí wọn, nígbà tí ẹ jáde tán, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn torí atẹ́gùn. Wọ́n ní kí n má tì í. Wọ́n ní Tìámíyù ṣì ń padà bọ̀. A ò ti ilẹ̀kùn náà títí tí wọ́n fi kú."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọ̀nà yẹn ti gbòòrò báyìí, pòrègún ti rú padà lọ́tùn-ún lósì, màlúù gan-an lè gbà á kọjá. Kí ló kù? Tìámíyù ṣì wà láyé, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ànábì wa ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, ọrùn rẹ̀ ni wọn yóò gbé ilẹ̀ náà kọ́ lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. Ìwọ tó jókòó síbí yìí, ilẹ̀kùn ta ló ṣì ṣí sílẹ̀ dè ọ́? Bí o bá mọ̀ ọ́n, má dúró jẹ ìrẹsì ìṣílé yìí o. Dìde, máa lọ. A ó bá ọ bu tìrẹ pamọ́.

Ọlọ́hun Ọba, tọ́ wa sọ́nà. Má jẹ́ kí ilé wa di ẹrù sí wa lọ́rùn. Fún wa ní ìtìjú tó ń ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀, gba ìtìjú tí kì í jẹ́ ká bẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́kàn wa. Forí ji Sàdíkù, jẹ́ kí ibojì rẹ̀ fẹ̀ fún un. Àti Tìámíyù, Ọlọ́hun, Ìwọ ló mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Ràn án lọ́wọ́. Àmín, àmín, yá Ọlọ́hun.