Ìkòkò Aró Tí Sípórà Dé

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kí wọ́n tó mọ odi yí ìlú yìí ká, obìnrin kan gba ọ̀nà aṣálẹ̀ wọ ìlú wa. Ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé fìtílà méjì dání. Ọmọ Júù ni. Sípórà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú sọ́nà. Kò ní ará, kò ní iyèkan, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ aró. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, ìyá ńlá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o!

Olóyè Ṣódípẹ̀ tó ni ẹbu aró, ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ, gbà á síṣẹ́, ó sì fún un ní yàrá kan. Obìnrin mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Sípórà ló ṣìkejìlá, kálukú pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Òwúrọ̀ dé alẹ́ ni, lójoojúmọ́ ayé, nítorí Olóyè gbà pé bí wọ́n bá fi aró sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kíkú ni yóò kú, kò ní mú aṣọ mọ́.

Sípórà nìkan ló ń sinmi. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, yóò tan fìtílà méjèèjì, yóò fi ìdérí dé ìkòkò rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Òfin àwọn baba rẹ̀ ni. Olóyè ń wò ó níran, torí kò sí aṣọ tó tó aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jà. Ó ní oògùn Júù ni kì í jẹ́ kí aró tirẹ̀ kú.

Ara tu Sípórà. Ṣé ẹ ń gbọ́? Ara tù ú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, ni Ẹfúnyẹlá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó lóyún oṣù mẹ́jọ, bá ṣubú lulẹ̀ nídìí ìkòkò. Wọ́n da omi sí i lójú, ó jí. Olóyè ní kó di igi mú, kó máa ro aró lọ.

Ojú ti Sípórà. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyè.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa sinmi."

"Mo fún ọ ní tìrẹ, o tún ń tọrọ ti ẹlòmíràn? Ìwọ ni ìyá wọn ni?"

"Òfin wa kò ní kí èmi nìkan sinmi, bàbá. Ó ní kí òṣìṣẹ́ sinmi, kí àlejò sinmi, títí kan màlúù. Àwọn baba wa ṣẹrú rí ní Íjíbítì. Ẹni tó ti ru ẹrù wúwo rí kò gbọdọ̀ jókòó máa wo ẹni tó rù ú."

"Ó dáa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe bíi tìrẹ, tó dé ìkòkò rẹ̀ pa, kó ẹrù rẹ, ìwọ àti ọmọ rẹ."

Níbo ni Sípórà yóò gbé ọmọ lọ? Oorun kò kùn ún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ Ẹtì dé, ó dé ìkòkò tirẹ̀. Ẹfúnyẹlá dé tirẹ̀. Ẹnì kẹta dé tirẹ̀. Àfi bí gbogbo wọn ṣe dé ìkòkò tán, tí wọ́n wá jókòó yí fìtílà méjì ká. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Inú bí Olóyè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ jọ, wọ́n ṣí ìkòkò mọ́kànlá. "Ẹ fi ti olóògùn yẹn sílẹ̀!" Ni wọ́n bá ń ro ó, wọ́n ń ro ó, àwọn tí kò di igi aró mú rí, títí aró fi ń hó yaya bí ọṣẹ. Ẹfúnyẹlá ń gbọ́ ọ látọ̀nà jíjìn. "Yéè, wọ́n ń pa aró o! Ta ní ń lu aró báyẹn? Bí wọ́n bá rò ó jù, kíkú ni!" Ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Olóyè ki aṣọ funfun bọ ìkòkò mọ́kànlá náà. Gbogbo rẹ̀ jáde ní àwọ̀ eérú, bí aṣọ tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ó wá ki ọ̀kan bọ ti Sípórà. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó dú, ó sì ń dán.

Olóyè fọwọ́ kan aṣọ náà. "Sípórà, oògùn wo lo fi sí i?"

"Ìsinmi ni, bàbá."

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rín pa á. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹbu ti ń dé ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tó lé Sípórà lọ. Ọmọ tó pọn wọ̀lú náà ló bí baba ńlá wa. Ìdí nìyẹn tí fìtílà méjì fi ń jó lójú fèrèsé wa, tí baálé ilé fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ kó tó bu tirẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń ṣe é.

Ẹ dákẹ́ ná. Odó ta ni mo ń gbọ́ lẹ́yìnkùlé yẹn? Ìyá Ràfíù tí a gbà síṣẹ́? Oòrùn Ẹtì ti ń wọ̀, ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ̀ ń gbọ́ ìtàn! Ẹ dìde. Ẹ lọ gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé àga tèmi yìí fún un.