Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kò Gba Ètò Tuntun

LARYSA: Darka? Darka ọmọ mi, kú ọ̀sán o.

DARKA: Ẹ káàsán, Anti Larysa. Ẹ kú iṣẹ́ ìkórè.

LARYSA: Ṣé o ti jẹun?

DARKA: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹun ni. Kí ló dé tí ẹ ń sáré sọ̀rọ̀?

LARYSA: Ta ló ń sáré? Pẹ̀rógì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Saskatoon ńkọ́?

DARKA: Mo ti jẹ ẹ́ tán. Anti, ohùn yín ò—

LARYSA: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbí, àwọn tírélà alìkámà ti tò láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ṣọ́ọ̀ṣì.

DARKA: Kí ni wọ́n ń dúró dè?

LARYSA: Èmi. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkọ̀ kí a tó ra ọkà ò ṣiṣẹ́.

DARKA: Láti ìgbà wo?

LARYSA: Látìgbà tí mo ti gbé ètò tuntun tí o kọ fún wa sórí kọ̀ǹpútà. Ṣé o gbọ́ mi?

[atẹ́gùn ń fẹ́]

DARKA: Mo gbọ́. Kí ló kọ síbẹ̀?

LARYSA: Kò kọ nǹkan kan. Ó ṣí, ó pa dé. Ó kàn ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

DARKA: Kọ̀ǹpútà wo lẹ lò?

LARYSA: Ńlá dúdú yẹn.

DARKA: Èyí tí Bàbá Àgbà rà? Mo rò pé ẹ ti—

LARYSA: Òun nìkan ni òṣùwọ̀n ń dá lóhùn. A ti gbé tuntun síbẹ̀ rí, kò kà á sí.

DARKA: Mo fẹ́ kí ètò náà yá ni, ni mo bá kọ ọ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí nìkan. Ó yá gan-an lórí tèmi, Anti.

LARYSA: Ó yá lórí tìẹ. Lórí tèmi, kò tilẹ̀ rìn. Òjò sì ti ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn.

DARKA: Mo lè fi ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, àmọ́ àwọn ibùdó ọkà yòókù tó ní kọ̀ǹpútà tuntun á máa wọ́ bí ìgbín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn mí—

LARYSA: Kó méjèèjì pọ̀ sójú kan.

DARKA: Á tóbi jù. Pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì yín yẹn, ilẹ̀ á ṣú kó tó wọlé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

LARYSA: —ìdajì ni mo gbọ́.

[ìró bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà]

LARYSA: Kí lò ń tẹ̀?

DARKA: Ètò kékeré kan wà tí mo pa tì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun lá kọ́kọ́ wọlé, á wo irú kọ̀ǹpútà tó bá níbẹ̀, á wá gba èyí tó bá a mu nìkan. Tuntun á gba tuntun, àgbàlagbà á gba tàgbà.

LARYSA: Ta ni àgbàlagbà?

DARKA: Kọ̀ǹpútà ni mo ń bá wí, Anti.

LARYSA: Mo gbọ́ ọ. [ẹ̀rín] Dúró, Mykola awakọ̀ ló ń kanlẹ̀kùn. Mykola, padà sínú ọkọ̀ rẹ, ọmọ mi ń ṣe é lọ́wọ́. Darka, ó ní òun á lọ ta alìkámà òun níbòmíràn.

DARKA: Ẹ bá mi dá a dúró. Mo ti fi í ránṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

LARYSA: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó... Ó ní "arúgbó ni eléyìí." Ìwọ lo kọ bẹ́ẹ̀?

DARKA: Màá yí i padà.

LARYSA: Má yí i. Ó ń gbà á... Ó ti ṣí. Darka, kò pa dé o.

DARKA: Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gun òṣùwọ̀n.

LARYSA: Mykola ti ń wakọ̀ gùn ún.

[irin ń ró]

LARYSA: Nọ́ńbà ti jáde. Ó fà díẹ̀, àmọ́ ó jáde.

[fèrè tírélà, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀lọpọ̀]

LARYSA: Ìwọ ni wọ́n ń kí yẹn. Ṣé o gbọ́ wọn?

DARKA: Mò ń gbọ́ wọn, Anti. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé—

[ìpè já]