Wàásù Tí Mo Gbà Sórí Kásẹ́ẹ̀tì Sìkírátù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé èébú náà tọ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ ara mi ń kó mi nírìíra débi pé bí mo bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, mi kì í fẹ́ wo ojú ara mi nínú dígí.

Ọmọ mi obìnrin ló tún ṣí egbò àtijọ́ mi, kò sì mọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó fi ibì kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń kó ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá kọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lò, ó lè tún un ṣe kó dá a padà, orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan kò sì ní parẹ́. Ó ní àwọn tó ń lò ó ti pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Ó wá ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé ètò tí ẹ máa ń sọ pé ẹ kọ láyé ijọ́un síbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe é l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n tó bí wa." Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ètò náà kì í ṣe tèmi.

Ní àwọn ọdún 1980, olùkọ́ ni mí. Bí iṣẹ́ bá parí, èmi àti àwọn olùkọ́ mélòó kan máa ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kútò. Tẹlifíṣọ̀n la fi ń wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń gbọ́ orin la sì ń gba ètò sí. Bí ẹ bá fi irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sí rédíò, ariwo tó máa ń pa dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha páànù.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ètò tó dáa gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan síbẹ̀ fún gbogbo wa. A lè mú un, a lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ni yóò wà lókè, tiwa á wà nísàlẹ̀. Òfin Ọ̀gá nìyẹn, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Sìkírátù ni màá pe ẹni tí mo ṣẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Olùkọ́ bíi tèmi ni, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Láfẹ́nwá. Ó kọ ètò kan tó ń ro máàkì àwọn ọmọ iléèwé pọ̀, tó sì ń to ipò wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìgbà yẹn, ẹ mọ ìyà tí a máa ń jẹ lópin táàmù. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣe é tán, á kọ ọ́ síta pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Gbogbo àwọn yòókù ló fẹ́ràn rẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ìlara ni. Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ, òun ni wọ́n wá ń yìn.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn kan láti ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, wọ́n fẹ́ gba èèyàn. Mo mú ẹ̀dà Sìkírátù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo kọ tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó tó kọ́kọ́ gbà á sí ló kù, inú báàgì Sìkírátù ló sì máa ń wà. Ó ti ṣẹ́ etí kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e.

Sìkírátù ti fi bàbá rẹ̀ ṣàwàdà fún wa rí. Ó ní kò sí kásẹ́ẹ̀tì orin tí bàbá òun kì í gba wàásù lé. Bí òun bá ṣẹ́ etí rẹ̀, bàbá á fi bébà dí ihò tó kù níbẹ̀, á tún gba wàásù lé e. A jọ rẹ́rìn-ín ni.

Mo ní, "Sìkírá, yá mi tìẹ, èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe wọ́nranwọ̀nran."

Ó ní, "Ẹ mú un, bùrọ̀dá. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó sọnù o."

Mo gbé e délé. Mo fi bébà dí ihò náà. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo gba wàásù rédíò lé e látòkè délẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o! Mo jókòó tì í, mò ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò yọ bébà náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, mo wá dá a padà fún un, ó gbé e relé.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, orúkọ mi ló yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Sìkírátù dìde. "Bùrọ̀dá, ètò mi kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Tìẹ bí ti báwo? Ṣé o ò rí orúkọ ni? Èmi ni mo kọ èyí, mú tìẹ wá ká fi wé e."

Ó fa ojúlówó yọ nínú báàgì. Ọ̀gá fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, kò jẹ́. Ó wá fi í sí rédíò bóyá a máa gbọ́ ariwo rẹ̀. Ohùn àáfà ló jáde, ó ń kí àwọn Mùsùlùmí òdodo. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rín jù. 

Sìkírátù yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ó rí bébà. "Háà! Bàbá mi!" Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo gba iṣẹ́ náà, mo dọ̀gá níbẹ̀. Sìkírátù kò wá sí Kútò mọ́. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ gbé Àlùkùránì, ó búra pé òun kò fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà. Sìkírátù kò gbà á gbọ́. Kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá náà sì kú.

Nítorí ohun tí ọmọ mi sọ, mo lọ sí Láfẹ́nwá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sìkírátù ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ ti funfun. Ó dá mi mọ̀, ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi. Mo rò pé mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi fi hàn mí ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ti bínú yín títí, ó ti tán. Bàbá mi ni mi ò tíì lè dárí jì. Ará ìta lè jí nǹkan ẹni. Ṣùgbọ́n kí bàbá ẹni máa wo ojú ẹni, kó máa búra èké, kó sì bá a kú?"

Mo mu omi rẹ̀ tán, mo ní ó dàbọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ kò ṣòro. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé orúkọ Sìkírátù ni kó kọ sókè, ó ń bi mí léèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ bébà yẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ. Bí mo bá sọ ọ́ fún Sìkírátù, mo mọ ohun tí yóò rántí: gbogbo ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kí i tí kò dá a lóhùn. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, èké ni bàbá olóòótọ́ yẹn máa jẹ́ títí ayé.

Ẹ bú mi tó bí ẹ bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀, ṣé ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni, àbí bàbá tó wà ní sàréè?