Ó Dákẹ́ Ni, Kò Sàn

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Ilé-Ogbó bọ̀ ní Ìwó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Wọ́n ní "kọ̀ǹténà," mo rò pé oníṣòwò èbúté ni wọ́n. Àṣé irinṣẹ́ kan tó ń di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sínú àpótí, tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ oníbàárà, ni wọ́n ń tọ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò tá a fi ń yẹ irinṣẹ́ wa wò yẹn ti ń tan iná pupa láti Mọ́ńdè," obìnrin náà ní. "Láàárọ̀ yìí, ó ti di àwọ̀ ewé. Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo ní kí ẹ̀rọ máa fò ó kọjá. Ó ti sú mi, àbúrò. Bá a ṣe tún un ṣe tó, ẹjọ́ kan náà ló ń rò."

"Ọ̀la làwọn oníbàárà máa gba irinṣẹ́ náà o. Tó bá dà wó lọ́wọ́ wọn ńkọ́?"

"Ṣebí ó ti dákẹ́."

"Ó dákẹ́ ni, kò sàn."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó tún ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan èmi náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé mi. Ohun tó ń sọ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ni mo bá yọ bátìrì rẹ̀ sọnù, mo sọ fún ìyàwó mi pé ara mi ti le.

Mo bọ́ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta bátìrì. Mo ra bátìrì tuntun fún ẹ̀rọ náà.