Èjìká Tí Kò Dọ́gba

Nígbà tí èmi náà wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo ti lè ya ojú ènìyàn. Ojú nìkan o. Dámilọ́lá, ṣé fóònù yẹn ń gbọ́ mi? Ó dáa. Sún un mọ́ mi.

Ara ni mi ò lè yà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí, ní Adó, ni wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ àwòrán. Tíṣà wa wo ọkùnrin kan tí mo yà, wọ́n wò ó títí... Wọ́n ní, "Ẹni yìí kò légungun. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Òótọ́ kúkú ni. Apá tí mò ń yà nígbà yẹn, ọmọ odó ni: gbọọrọ, kò ní ìgúnpá, kò ní ọrùn ọwọ́.

Tíṣà gbé àwòrán egungun ènìyàn kọ́ sára ògiri, wọ́n ní ká máa yà á. Egungun ìhà, egungun ẹ̀yìn, egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká... Bí mo ṣe ń yà á ni mò ń fọwọ́ wá tèmi lábẹ́ aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi rò pé ara ń yún mi ni.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ sílé wa ní Ìyìn. Bàbá mi ti ń dúró dè mí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ọlidé yìí tó parí, ya ẹnì kan nínú ilé yìí fún mi. Bí mo bá mọ ẹni náà, padà sídìí àwòrán rẹ. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì lò ń lọ kọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ." Nọ́ọ̀sì dára, ẹ gbọ́, mi ò bú nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí èmi bá rí ẹ̀jẹ̀, èmi gan-an ni wọ́n máa gbé sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ta ni kí n yà? Ìyá tó bí bàbá mi. Ara wọn gbẹ, egungun wọn hàn, egungun ni mo sì ń wá kiri. Wọ́n jókòó gan-n-gan, wọ́n di ẹnu pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo yà, mo pa á rẹ́, mo tún yà. Ìyá wá wò ó. "Òkú lo fẹ́ yà ni?" Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n kọjú sí odó tí iṣu ti wà nínú rẹ̀, wọ́n mú ọmọ odó.

Ẹ̀rù bà mí. Èjìká ti dun Ìyá nígbà òjò, bàbá mi sì ti pàṣẹ fún gbogbo ilé pé Ìyá kò gbọdọ̀ gún iyán mọ́. Obìnrin Èkìtì, ẹ wá ní kó má gún iyán? Ìyá ní, "Bàbá rẹ wà lóko, ìyá rẹ wà lọ́jà. Ulé pa rọ́rọ́. Yà mí, jàre."

Háà, ẹ̀yin ọmọ yìí, ohun tí mo rí. Bí ọmọ odó ṣe ń lọ sókè, egungun pẹlẹbẹ yẹn ń yí, ó ń rìn lábẹ́ awọ. Bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń padà sáyè rẹ̀. Iṣan ọrùn yọ. Gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀. Mo sá lọ bá wọn, mo fọwọ́ lé èjìká wọn, ọwọ́ mi ń bá a lọ sókè-sódò. Ohun tó wà lára ògiri níléèwé, òun ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi yìí, ó gbóná, ó ń mí. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Ìyá ní, "Má sunkún sínú iyán."

Èédú ni mo fi yà á, sórí bébà àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn wọn ni mo yà, torí odó ni wọ́n kọjú sí. Mo ya èjìká méjèèjì lọ́gbọọgba, bíi ti ara ògiri. Ìyá wò ó, wọ́n mi orí. "Èmi kọ́ nìyí. Bùbá mi kì í dúró lórí èjìká òsì, ó máa ń yọ̀ ni." Mo wò wọ́n dáadáa... Òótọ́ ni. Ọ̀tún ga ju òsì. Iyán tí wọ́n ti ń gún láti ìgbà ọmọge ló gbé e sókè. Mo pa á rẹ́, mo yà á bó ṣe rí.

Bàbá mi dé láti oko, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbójú kúrò, wọ́n tún wò ó. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Àfi bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ mi: "Ta ló gbé ọmọ odó fún ìyá mi?"

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín Ìyá láti ẹ̀yìnkùlé. "O mọ̀ mí. Kò lójú, kò nímú, o sì mọ̀ mí."

Bàbá mi gbé àwòrán náà sókè. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Abájọ tí iyán fi ń dùn látìjọ́ yìí. Ìyàwó mi ni mo sì ń yìn." Bí ẹ̀rín ṣe gbà wá nìyẹn. Bí mo ṣe padà sídìí àwòrán mi nìyẹn.

Ayé ti yí o. Ní àdúgbò Fájuyì níbí, ẹ̀rọ ló ń gún iyán. Ẹ̀rọ kò sì léjìká. Dámilọ́lá, mo rí àwọn ènìyàn tó o wò nínú fóònù, tó o wá yà lánàá. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ara ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbé wọ̀. Fọwọ́ kan ènìyàn, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ kó o tó yà á.

Wá, wo èmi náà. Tíṣà àwòrán ni mo fi ayé mi ṣe, ọwọ́ ọ̀tún lára bọ́ọ̀dù láti àárọ̀ dọ̀sán. Bùbá mi ti ń yọ̀ sósì báyìí. Pa fóònù yẹn, lọ mú èédú wá. Má bá mi tún èjìká yìí ṣe o. Yà á bó ṣe rí.