Ẹyin Tó Ń Ké Lábẹ́ Omi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàárè. Òótọ́ tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mọ́kàndínlógún, òní ni yóò jáde.

Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìwádìí ni mo ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ẹyin, nítorí èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ. Onímọ̀ kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Òun ló là mí lóye pé àwọn jíìnì kan, èròjà àjogúnbá inú ara, wà tí wọ́n ń pè ní họ́míọ́bọ́ọ̀sì, tí iṣẹ́ wọn dà bíi ti ọ̀gá bíríkìlà: wọ́n ń sọ fún ẹran ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pé ibí lọrùn, ibí làyà, apá ni kí o hù níbí. “Màmá, irú wọn náà ló ṣètò ẹja, èkúté, àti ẹ̀yin náà.” Mo ní a jẹ́ pé bíríkìlà tó mọ imú mi ti mutí yó. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ó ti fi jíìnì tó ń pàṣẹ ẹsẹ̀ sí ibi tí apá ọmọ adìẹ ti ń hù, ohun tó hù sì jọ ẹsẹ̀. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wa kò gbà á gbọ́. Ó ní kí ó tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kẹ́rù rẹ̀. Ẹyin ogójì ni: ogún gba jíìnì, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí wọn lára, ogún gba omi iyọ̀ lásán kí a lè fi wọ́n wéra, ó kọ òdo sí wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, abọ́ omi inú ẹ̀rọ dà lé wọn lórí. Mo fi aṣọ nù wọ́n, àmì sì pa rẹ́. Ǹ bá pè é. Èmi òpònú, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ àmì tuntun bí ọkàn mi ṣe sọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí àwọn ẹyin náà pa, wọ́n là wọ́n. Ẹsẹ̀ wà níbi apá lára àwọn kan tí mo kọ òdo sí, bí ẹni pé omi iyọ̀ ni wọ́n gbà; ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo fa ìlà sí pé pérépéré. Ọ̀gá àgbà ní, “Irọ́ lo ti ń pa fún wa,” ó sì jáde. Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí mi: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan àmì mi?” Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi.” Ọmọ mi ni mo pè é! Ẹyin kan ló ṣẹ́kù. Ó gbé e síbi iná, ó rí ìlà àtijọ́ fírífírí lábẹ́ òdo tí mo kọ. “Ẹ bá mi dì í mú, kí n pe ọ̀gá wá wò ó.” Ó sáré jáde. Ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́wọ́ mi. Mo rì í sínú bákẹ́ẹ̀tì omi, ó ń ké lábẹ́ omi. Mo tẹ̀ ẹ́, èèpo fọ́. Ohun tó jáde níbi tó yẹ kí apá wà ní ìka, ó ní èékánná, ó sì dì mọ́ àtàǹpàkò mi. Kò jù mí sílẹ̀ títí ó fi kú. Mo dà á nù, mo ní ó já bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Wọ́n lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò sì rí iṣẹ́ ìwádìí ṣe mọ́. Títí di ìsinsìnyí, nǹkan kékeré kan ṣì ń fún àtàǹpàkò mi. Gbogbo ọmọ tí ẹ bí ni mo tú aṣọ lára wọn, tí mo ka ìka wọn, kí n tó kí yín kú ewu. Ẹ rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ẹ gbé e lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́, kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bi yín pé kí ló dé tí mo dákẹ́, ẹ má wá àwáwí fún mi. Ẹ sọ fún un pé oṣù mẹ́rin ló kù nígbà náà kí n fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìdágbére.